Erin àti Èkúté: Ọ̀rọ̀ Lórí Sẹ́ẹ̀lì àti Títóbi Ẹ̀dá Alààyè

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rò ó rí pé, níwọ̀n bí erin ti jẹ́ òmìrán láàárín ẹranko, ohun wẹ́wẹ́ tí a fi dá ara rẹ̀ yóò tóbi ju ti èkúté lọ. Ohun wẹ́wẹ́ náà ni à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fún un ní orúkọ náà, tí ìtumọ̀ rẹ̀ í ṣe yàrá kékeré, ní ọdún 1665, nígbà tí ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo èèpo igi tí a fi ń dí ẹnu ìgò.

Erin wúwo ju èkúté lọ ní ìlọ́po tí ó ju 100,000 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí a bá to 1,000 ti èkúté sí ìlà kan, gígùn rẹ̀ yóò tó nǹkan bí mìlímítà 6. Ti ènìyàn, 7 tàbí 8. Ti erin, nǹkan bí 9. Gbogbo ìyàtọ̀ náà nìyẹn! Àní ẹranko omi kan wà ní Amẹ́ríkà, Amphiuma, tí ó rí gbọọrọ bí ejò, tí ó sì kéré sí wa púpọ̀. Síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ gùn ju tiwa lọ ní ìlọ́po tí ó ju 7 lọ. Iye ni ó sọ erin di erin, gẹ́gẹ́ bí bíríkì tí a fi kọ́ kàtídírà kò ti tóbi ju èyí tí a fi kọ́ ilé olùkọ́ ìjọ lọ.

Kí ni ó fà á? Obìnrin tí ń se iṣu mọ ìdáhùn rẹ̀. Iṣu tí a gé wẹ́wẹ́ a tètè jinná, nítorí láti ẹ̀yìn ni ooru ti ń wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ń gba awọ sẹ́ẹ̀lì wọlé. Bí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ bá di ìlọ́po 2, awọ rẹ̀ yóò di ìlọ́po 4, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tí ń béèrè oúnjẹ yóò di ìlọ́po 8. Bí ó bá ń tóbi bẹ́ẹ̀ lọ, ebi ni yóò pa á. Òótọ́ ni pé sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìmọ̀lára láàárín ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ wa lè gùn tó nǹkan bí mítà 1, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín ju òwú lọ.

Iye púpọ̀ yìí ní ewu tirẹ̀, níbẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa tìkára wa. Sẹ́ẹ̀lì a máa pín sí méjì kí ara lè dàgbà, kí ọgbẹ́ sì lè jinná. Èyí tí ó bá bàjẹ́ tí ó sì ń pín láìgbọ́ràn ni ó ń di jẹjẹrẹ. Nígbà náà, erin tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì ì bá máa ti ipa àrùn yìí kú jù wá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ kéde ohun kan tí wọ́n rí. Olúkúlùkù wa jogún ẹ̀ṣọ́ kan tí à ń pè ní TP53, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ baba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ti erin tó nǹkan bí 20 láti ọ̀dọ̀ baba, àti 20 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí sẹ́ẹ̀lì erin bá bàjẹ́, a tètè kú kí ó tó bí irú ara rẹ̀.