Ọkọ̀ Onílé ní Ìlú Ọba: Kí Ẹrù Má Ju Òdiwọ̀n Lọ

Ọkọ̀ onílé ni ọkọ̀ ìrìn àjò tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Ní Ìlú Ọba, 3,500 kílò ni òdiwọ̀n ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òfin kò wo bí ọkọ̀ ṣe wúwo lófìfo. Iye tó wọ̀n lójú pópó ló ń wò, tèèyàn tẹrù, tepo tomi.

LÁÌSẸ́ŃSÌ. Ẹni tó yege ìdánwò ọkọ̀ ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1997 lè wa ọkọ̀ tó tó 7,500 kílò (àṣẹ yìí ni wọ́n ń pè ní C1), àmọ́ bó bá pé ẹni 70 ọdún, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí àṣẹ náà má baà bọ́. Ẹni tó yege lẹ́yìn náà, 3,500 kílò ni tirẹ̀ mọ fún ọkọ̀ elépo, àfi bó bá ṣe ìdánwò C1. Láìsẹ́ńsì Nàìjíríà kò ṣeé pààrọ̀ níbẹ̀; oṣù 12 ni olùgbé fi lè lò ó, kó tó di pé ó ṣe ìdánwò tuntun.

ÀWO ÌWÚWO. Ó sábà máa ń wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tàbí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: ìwúwo ọkọ̀ tòun tẹrù, ti ọkọ̀ àti ohun tó ń fà, ohun tí táyà iwájú lè gbé, ohun tí ti ẹ̀yìn lè gbé. Àpapọ̀ lè wà lábẹ́ òdiwọ̀n, kí ti ẹ̀yìn sì ti kọjá. Kẹ̀kẹ́ tí a so sí ìdí ọkọ̀ ń tẹ táyà ẹ̀yìn ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ, torí ó ń gbé iwájú fúyẹ́.

ÌṢIRÒ. Ká ní ọkọ̀ kan wọn 3,050 kílò, tí a ti ka epo àti awakọ̀ (75 kílò) mọ́ ọn:
Àyè tó kù: 450
Èrò mẹ́ta: 225
Omi 100 lítà: 100
Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì méjì: 50
Ìyókù: 75
Nínú 75 yìí ni oúnjẹ, aṣọ, ìkòkò, àga àti tábìlì yóò ti jáde.

ÌTANRÀN. Bí ìwúwo bá fi ohun tí kò tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kọjá, £100 ni. Láti 10 dé ìsàlẹ̀ 15, £200. Láti 15 sókè, £300. Bó bá ju 30 lọ, ilé ẹjọ́ ni. Wọ́n tún lè dá ọkọ̀ dúró títí ẹrù yóò fi dín kù.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE. Di ẹrù bí ẹni tó ń lọ gan-an, kó gbogbo èrò sínú, kí o sì gbé ọkọ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn tírélà. Wọn gbogbo rẹ̀, kí o wá wọn iwájú àti ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá kọjá, omi ni kí o kọ́kọ́ dín: da omi ìdọ̀tí nù níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, kí o sì pọn omi mímu nígbà tí o bá débi ìpàgọ́. Kó ẹrù tó wúwo sáàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí a lè sọ òdiwọ̀n wọn di púpọ̀ lórí ìwé, bí férémù àti táyà wọn bá lè gbé e. Ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá 3,500 kílò, awakọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní C1.