Yíyan Íntánẹ́ẹ̀tì fún Ilé Níbi Tí Ilé-iṣẹ́ Kò Ti Pọ̀

Nígbà tí àwa wà ní ilé-ìwé yìí, lẹ́tà ni a fi ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sì lè kọjá kí èsì tó dé. Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń wo èsì ìdánwò WAEC. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti ń bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe ìpàdé, ibẹ̀ náà sì ni bàbá àgbà àti ìyá àgbà ti ń rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ wọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà. Owó dátà ti di ara ìnáwó ilé, gẹ́gẹ́ bí owó iná àti owó epo.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó ní àǹfààní kan náà. Ẹni tí ń gbé ní Lẹ́kí tàbí Ìkẹjà lè rí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí yóò fa okùn fáíbà wọ ilé rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa ní Ọ̀ṣun, ní Èkìtì, ní Òǹdó àti ní Òkè-Ògùn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù ni gbogbo ilé gbójú lé, nígbà mìíràn ilé-iṣẹ́ kan tàbí méjì péré ni ó sì ń dé ibẹ̀ dáadáa. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, àṣìrà máa ń dunni: owó ti lọ, ẹ̀rọ wà nílẹ̀, kò sì wúlò. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nínú àpilẹ̀kọ yìí kò pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tí ó wọ inú ilé yín kí ẹ tó ra ètò dátà tàbí modem. Ẹ má sì ra ohun tí yóò dí ọ̀nà mìíràn mọ́ yín.

Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ilé

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni okùn fáíbà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ onígíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Òun ni ó yára jù, òjò kì í sì í dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kìkì ibi tí wọ́n bá rì í sí tàbí tí wọ́n ta á sórí òpó ni ó ń dé. Bí ó bá ti dé àdúgbò yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè owó rẹ̀.

Èkejì ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù. Ọdún 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lónìí a ti ní 4G, àwọn ìlú ńlá sì ti ní 5G. Modem tàbí ráútà tí a ki síìmù bọ̀ ni ó ń gbà á láti orí òpó tí a fi ń pín in wọ inú ilé.

Ẹ̀kẹta ni sátẹ́láìtì. Starlink bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Àwọn sátẹ́láìtì ti àtijọ́ wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè, nítorí náà ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó lọ, kí ó tó bọ̀. Àwọn ti Starlink wà ní nǹkan bí 550 kìlómítà. Ìdí nìyí tí a fi lè fi í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú láìsí ìdádúró tí ń súni.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó ra

Bí ilé-iṣẹ́ bá sọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àwọn dé ìlú yín, kò túmọ̀ sí pé ó dé yàrá yín. Òkè, igi ńlá, ògiri búlọ́ọ̀kù àti òrùlé páànù lè dí i lọ́wọ́. Ilé méjì tí ó kọjú sí ara wọn lè má rí ohun kan náà.

Ọ̀nà àyẹ̀wò tí kò náni lówó púpọ̀ ni pé kí ẹ pe àwọn ẹbí tàbí aládùúgbò tí ń lo ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n wá jókòó ní pálọ̀ yín pẹ̀lú fóònù wọn. Kí olúkúlùkù ṣí ibi tí a ti ń díwọ̀n ìyára, bíi Speedtest tàbí Fast.com, kí ẹ sì kọ ohun tí ó bá hàn sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, àti láàárín agogo mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́. Ti alẹ́ ni kí ẹ fi ọkàn tẹ̀ jù lọ, nítorí pé ìgbà náà ni gbogbo àdúgbò kóra jọ sórí òpó kan ṣoṣo, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń pọn omi nídìí ẹ̀rọ kan.

Nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹ ó rí: ìyára tí ohun fi ń wọlé sọ́dọ̀ yín, ìyára tí ohun fi ń jáde lọ́dọ̀ yín, àti ìdádúró tí ó wà láàárín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wo èkíní nìkan, bẹ́ẹ̀ èkejì ni yóò sọ bóyá àwọn tí ẹ ń bá ṣe ìpàdé yóò gbọ́ yín. Fún ènìyàn kan tí ó ń ṣe ìpàdé Zoom tí ojú hàn, 2 sí 4 Mbps ní wíwọlé àti ní jíjáde tó. Bí ìdádúró bá ju 300 ms lọ, ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ yóò máa já lu ọ̀rọ̀ ara yín. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé Mbps tí wọ́n fi ń polówó kì í ṣe MB tí a fi ń díwọ̀n fáìlì: 8 ni a ó fi pín in. Ìyára 20 Mbps yóò gbé 2.5 MB wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ìṣirò ètò dátà

Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé-ìṣọ́, tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Ìṣirò dátà kò le tó ti ilé-ìṣọ́. Fíìmù Netflix tí àwòrán rẹ̀ mọ níwọ̀n lè jẹ 1 GB ní wákàtí kan. Bí a bá fi í sí HD, ó lè jẹ tó 3 GB. Ìpàdé Zoom tí ojú hàn ń jẹ nǹkan bí 1 GB ní wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìdílé kan. Ọmọ wọn kan ń fi Zoom kẹ́kọ̀ọ́ fún wákàtí kan lójúmọ́, ogúnjọ́ lóṣù: 20 GB nìyẹn. Gbogbo ilé ń wo fíìmù HD fún wákàtí méjì ní òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: 24 GB nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn fóònù inú ilé lápapọ̀ ń lo 1 GB lójúmọ́: 30 GB. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 74 GB. Bí ìdílé yìí bá ra ètò 40 GB, yóò tán ní nǹkan bí ọjọ́ 16, wọn yóò sì máa fẹ̀sùn olè kan ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dín àwòrán fíìmù náà kù sí oníwọ̀nba, 58 GB yóò tó wọn.

Lẹ́yìn ìṣirò yìí ni kí ẹ wá béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ mélòó ni dátà náà yóò lò? Ṣé èyí tí ó kù yóò wọ inú oṣù tí ń bọ̀ bí a bá tètè tún un rà? Ṣé apá kan nínú rẹ̀ kì í ṣe dátà òru tí ẹni tí ó sùn kò lè lò? Bí wọ́n bá pè é ní ètò aláìlópin, ẹ bi wọ́n léèrè iye GB tí ẹ ó lò kí wọ́n tó dín ìyára rẹ̀ kù, àti iye tí wọ́n yóò dín in kù sí. Òpin sábà máa ń wà nínú aláìlópin. Ẹ má sì gbára lé iye tí ọ̀rẹ́ yín san nígbà kan: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC, àjọ tí ń ṣe àbójútó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó lé e títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má ṣe san owó ọdún kan kí ẹ tó lo ti oṣù kan.

Modem tí ó yẹ ilé yín

MiFi kékeré tí ó ní bátìrì dára fún ẹnì kan tàbí méjì, àti fún ẹni tí ń rìn. Ráútà tí a ń gbé kalẹ̀ sójú kan sábà máa ń gba nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dáadáa jù ú lọ, ó sì ń gba ẹ̀rọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ iná. Bí òpó bá jìnnà, ẹ wá èyí tí ó ní ojú tí a lè so ẹ̀ríàlì ìta mọ́, tàbí irú èyí tí a ń kàn mọ́ ògiri níta.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí modem náà lè gba síìmù ilé-iṣẹ́ gbogbo. Èyí tí ilé-iṣẹ́ bá tà ní ẹ̀dínwó sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n ti tì mọ́ síìmù tiwọn. Níbi tí ilé-iṣẹ́ bá ti jẹ́ méjì péré, ọjọ́ tí òpó wọn bá dákẹ́ ni modem yín dákẹ́. Owó tí ẹ fi kún un láti ra èyí tí kò ní ìdè, owó òmìnira ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́-jáde tí ó wà lókè òkun, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. A mọ ìyá opó kan tí ọmọ rẹ̀ fi modem olówó ńlá ránṣẹ́ sí láti Amẹ́ríkà. Orí tábìlì ni ó wà títí di òní. Ìgbì tí ẹ̀rọ náà ń gbà kò bá ti ìhín mu. Lára àwọn ìgbì tí a ń lò fún 4G ní Nàìjíríà ni 700, 800, 1800 àti 2600 MHz. Èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ń lò lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ wò ó lára páálí ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó, tàbí kí ẹ fi owó náà ránṣẹ́ kí wọ́n rà á nílé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé tí ó kọjú sí òpó. Ẹ má gbé e sẹ́yìn fìríìjì tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wi-Fi ti 2.4 GHz ń la ògiri kọjá ju ti 5 GHz lọ. 5 GHz yára jù ú lọ fún ẹni tí ó wà nítòsí. Ẹ ro ti iná pẹ̀lú: ráútà kékeré kò jẹ iná púpọ̀, bátìrì kékeré tí ń gbé 12 fóltì jáde lè gbé e fún wákàtí díẹ̀. Àwo Starlink máa ń fẹ́ nǹkan bí 50 sí 100 wáàtì, ó sì ń fẹ́ ojú ọ̀run tí igi kò bò. Nítorí náà, ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù bá ti kùnà ni ó ti wúlò jù, fún ilé tí ó bá ní ínfátà tàbí sólà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dáwọ́ dúró tàbí kí ó falẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, títí kan Nàìjíríà, ìṣòro sì bá àwọn báńkì. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé orúkọ méjì lè máa gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Lórí ilẹ̀ pàápàá, ilé-iṣẹ́ méjì sábà máa ń so ẹ̀rọ wọn mọ́ òpó kan náà. Bí díísù òpó náà bá tán, àwọn méjèèjì lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń wá síìmù kejì tí yóò dúró de ọjọ́ ìṣòro, ẹ yan èyí tí òpó rẹ̀ yàtọ̀, kí ẹ sì máa fi dátà díẹ̀ sí i.

Ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín pẹ̀lú. *323# ni a fi ń wo iye dátà tí ó kù lórí gbogbo ilé-iṣẹ́. Bí ẹ bá ti fi ẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ yín tí wọn kò dá yín lóhùn, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó bá modem wá láti ọjà, kí ará àdúgbò má baà jẹ dátà àwọn ọmọ yín.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ wa àtijọ́ àti àwọn òbí wa ni wọ́n ń dá gbé báyìí, ìpè tí wọ́n ń retí láti òkèèrè sì ni ayọ̀ ọ̀sẹ̀ wọn. Nígbà tí ẹ bá lọ kí wọn ní Kérésìmesì, ẹ mú fóònù méjì tí síìmù wọn yàtọ̀ dání, ẹ bá wọn díwọ̀n ìyára lálẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, yóò sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ìnáwó asán.