Nípa Eegun Tí Ó Ṣẹ́ àti Bí A Ti Í Dì Í

Ní Èkó-Èǹdé àti ní ìletò gbogbo tí ó yí Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ká, igi ọ̀pẹ kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni. Orí igbà kan ṣoṣo ni ẹni tí ń gùn ún gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé. Lóde òní alùpùpù pẹ̀lú ti dara pọ̀ mọ́ ọ̀pẹ nínú ṣíṣẹ́ ènìyàn ní eegun.

Ilé ato-eegun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń gbé aláìsàn lọ, kò sì yẹ kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín. Baba ni ó kọ́ ọmọ. Ọwọ́ wọn mọ eegun lábẹ́ awọ. Wọn a na ẹsẹ̀ náà, wọn a fi òrí pa á, wọn a sì fi ọparun tí a fi òwú so pọ̀ bí ẹní dì í. Àwọn mìíràn a ṣẹ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀, wọn a tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú aláìsàn. Ọjọ́ tí adìyẹ bá rìn, aláìsàn náà a dìde. Àṣìṣe ni èyí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ni eegun adìyẹ fi ń so, ṣùgbọ́n itan àgbàlagbà a máa gbà tó oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé adìyẹ yóò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó le, ẹsẹ̀ náà yóò sì wọ́.

Inú ìdè ni ewu ńlá wà. Ara a máa wú lẹ́yìn tí eegun bá ṣẹ́, ìdè kì í sì í fẹ̀ sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá rí ọ̀nà kọjá, ẹran ara lè kú láàárín nǹkan bí wákàtí 6. Bí ìka ẹsẹ̀ bá tutù, bí ó bá kú tipiri, bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà, tàbí bí ìrora bá ń pọ̀ sí i, kí a tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀gànjọ́ òru, kí a sì gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Okùn ni ó ba ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí àwọn dókítà gé jẹ́.

Bí eegun bá yọ síta, kí a fi aṣọ mímọ́ bò ó nìkan. Kí a má fi ewé tàbí ìgbẹ́ màlúù sí i, nítorí inú ìdọ̀tí ni àrùn ipá ti ń wá. Ẹni tí ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dùn lẹ́yìn ìṣubú, orí pákó ni kí a tẹ́ ẹ sí. Kí a má ṣe pọ̀n ọ́n, kí a má sì gbé e sórí alùpùpù.

Ilẹ̀ Òyìnbó pẹ̀lú ní ato-eegun. Evan Thomas ṣe iṣẹ́ yìí ní Liverpool, ó sì rán ọmọkùnrin rẹ̀ 5 lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ọ̀kan nínú wọn, Hugh Owen Thomas (1834–1891), ni ó ṣe irin gbọọrọ tí a fi ń na ẹsẹ̀, èyí tí ó gba ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tí itan wọn ṣẹ́ là nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní Nàìjíríà, fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ni a dá ilé ìwòsàn eegun Ìgbòbí, ní Èkó, sílẹ̀ ní 1945.

Fún ará Èkó-Èǹdé, Òṣogbo sún mọ́ tòsí, Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì jìnnà, níbi tí àwọn Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwòsàn ní 1907. Kí a tó gbéra, kí a fi igi pẹlẹbẹ méjì gbe ẹsẹ̀ náà, kí igi náà gùn kọjá oríkèé òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí a sì dì í ní wọ̀n tí ìka ọwọ́ kan yóò lè wọ abẹ́ aṣọ náà.