Ẹ̀rù, Èpè àti Ìwé Ẹ̀sùn: Ọ̀rọ̀ Òṣèlú Lórí Fóònù

   

Ní ìparí ọdún 2022, nígbà tí ìbò ọdún 2023 ti ń kanlẹ̀kùn, bàbá kan nínú jámà wa ní Ìbíadé níhìn-ín dúró dè mí lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Fóònù ló mú lọ́wọ́. Ó ní, "Lẹ́mọ́mù, ẹ wá wo ohun tí ọmọ yìí kọ." Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ló kọ̀wé sínú gúrúùpù WhatsApp ìlú nípa olóṣèlú kan tí ó ṣèlérí títì fún wa, tí a kò sì rí títì. Gbólóhùn tó fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ni pé bí ọkùnrin náà bá tún fi lè wọ ìlú yìí, ojú rẹ̀ yóò rí nǹkan. Bàbá ní ìhàlẹ̀ ni, ó ní ọmọ náà fẹ́ kó jàǹdùkú jọ ni. Ó ti fi fóònù ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà, ó ti rí ẹni tí yóò bá a kọ ìwé ẹ̀sùn lédè Òyìnbó, tẹ́ṣàn ló kù. Ohun tó wá bẹ̀ mí fún kò ju kí n bá òun fọwọ́ sí i lọ.

Mo bi í pé, "Bàbá, nǹkan wo ni ojú rẹ̀ yóò rí?" Bàbá dákẹ́. Màá parí ìtàn náà níwájú, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ìwé ẹ̀sùn náà ìbá fà.

Kò sí ohun tuntun nínú kí ìjọba máa bínú sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní ọdún 1984, ọmọ ilé kéwú ni mí, mi ò tí ì gbọ́ Òyìnbó dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí àwọn àgbà ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ Dìkírì Kẹrin ti ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari. Òfin náà fàyè sílẹ̀ láti fi akọ̀ròyìn sẹ́wọ̀n bí ohun tó kọ bá dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba, jíjẹ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà kò sì tó láti gbà á sílẹ̀. Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, lọ sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Ọdún 1985 ni ìjọba tó tẹ̀lé e pa òfin náà rẹ́. Nígbà yẹn, akọ̀ròyìn nìkan ló ń bẹ̀rù. Lóde òní, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní fóònù ti di akọ̀ròyìn, àti ìyá aláta, àti ọmọ tó ń ta pẹ́tírólù nínú kẹ́ẹ̀gì létí omi.

Òfin tó kan àwa báyìí ni òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, tí àwọn lọ́yà ń pè ní Cybercrimes Act. Abala 24 rẹ̀ ni kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lọ kà. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ó ní ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ tó burú jáì tàbí tó ń halẹ̀ ránṣẹ́, tàbí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni, kí ó lè múni bínú, kí ó lè bú ènìyàn, tàbí kí ó lè kó ìdààmú tí kò nídìí báni, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 7 náírà ń dúró dè é, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹ wo bí àwọ̀n náà ti fẹ̀ tó! Ta ni kò tí ì múni bínú rí? Ní oṣù keje ọdún 2020, ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ pé abala náà lòdì sí ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn láti sọ̀rọ̀, ó sì pàṣẹ fún Nàìjíríà kí ó pa á rẹ́ tàbí kí ó tún un ṣe. Oṣù kejì ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu tó fọwọ́ sí àtúnṣe. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìbínú àti èébú kúrò. Ohun tó kù níbẹ̀ ni àwòrán ìṣekúṣe, àti irọ́ tí ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fi ń wá bí ìlú yóò ṣe dàrú tàbí bí ẹ̀mí yóò ṣe wà nínú ewu.

Ṣùgbọ́n apá kejì abala náà ni ó kan ẹjọ́ tiwa jù. Ìyẹn sọ̀rọ̀ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn, tí ẹ̀rù ikú tàbí ẹ̀rù pé wọ́n máa ṣe òun léṣe sì ba ẹni náà. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni, tàbí owó tí kò gbọdọ̀ dín ní mílíọ̀nù 25, tàbí kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀ fún un. Ẹ fiyè sí i: ẹ̀rù tó wà nínú ọkàn ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ti di ara ohun tí wọ́n ń fi dá ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́jọ́. Ta ló sì lè fi òṣùwọ̀n wọn ẹ̀rù?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Dutse, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, kọ gbólóhùn kan lédè Hausa sórí Twitter, pé ìyàwó Ààrẹ nígbà náà ti jẹ owó tálákà yó. Kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kọkànlá ni wọ́n wá gbé e, wọ́n mú un dé Abuja, wọ́n mú un dé iwájú adájọ́. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n yọ ẹjọ́ náà kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Ó lọ ṣe ìdánwò rẹ̀, àlùhámúdùlíláì, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá àwọn ọjọ́ tó lò ní àtìmọ́lé padà fún un?

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti oṣù kejìlá ọdún 2024. Wọ́n mú obìnrin kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú, ọmọ Yorùbá ni, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja. Fídíò kan ló ṣe, tó fi ń ṣépè lédè Yorùbá fún ọmọ Ààrẹ, fún ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, àti fún agbẹnusọ ọlọ́pàá. Ìwé ẹ̀sùn kà á sí ìhàlẹ̀ lábẹ́ apá kejì abala 24 yìí. Obìnrin náà sọ pé òun kò jẹ̀bi.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ kí á yanjú èyí láàrin ara wa ná. Ẹni tó ń ṣépè ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ lé ẹni tó ju òun lọ lọ́wọ́ ni. Ó ń jẹ́wọ́ pé agbára òun kò ká a. Ẹni tó ń halẹ̀ ní tirẹ̀ ń sọ pé ọwọ́ òun ni nǹkan yóò ti wá. "Ọlọ́hun á san án fún ọ" kì í ṣe ọmọ ìyá "màá bá ọ nílé lálẹ́ yìí". Bí ẹ bá wá yí méjèèjì sí Òyìnbó, tí ẹ kọ ọ́ sórí bébà, tí ẹ lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n lè jọ ara wọn lójú ẹni tí kò gbọ́ èdè náà. Mi ò sọ pé èpè dára o. Mùmíní kì í ṣe aṣépè, àwọn hádíìsì lórí ìyẹn pọ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí fún ní àyè tirẹ̀ láti ké jáde, Súrá Nísáì, áyà 148 fi àyè náà sílẹ̀ fún un, àmọ́ kíké jáde yàtọ̀ sí fífi ikú ré ọmọ ọlọ́mọ. Síbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀ràn lábẹ́ òfin. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, n ò ní purọ́ fún yín, ní ilẹ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ ló wà tí èpè ń bà lẹ́rù ju ìbọn lọ. Ẹ̀rù náà lè jẹ́ òótọ́ nígbà tí ìhàlẹ̀ kò sí.

Ìdíwọ̀n wa pàápàá kò dọ́gba. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, kí wọ́n tó dìbò gómìnà Èkó, fídíò MC Oluomo jáde. Ó ń dárúkọ Màmá Chukwudi, ó ń sọ pé ẹni tí kò bá ní dìbò fún ẹgbẹ́ àwọn kí ó jókòó sílé rẹ̀. Ó ní ẹ̀fẹ̀ ni òun bá aládùúgbò òun ṣe, agbẹnusọ ọlọ́pàá sì sọ fún aráyé pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí mò ń bi yín ni pé kí ló dé tí ẹ̀fẹ̀ fi máa ń rí àyè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu alágbára, tí kì í rí i lẹ́nu mẹ̀kúnnù?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, yìnyín ti pápákọ̀ òfurufú kan pa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fẹ́ wọkọ̀ níbẹ̀ fi ìbínú kọ ọ́ sórí Twitter pé bí wọn kò bá tètè ṣí i, òun yóò fọ́ ibẹ̀ túútúú. Òṣìṣẹ́ pápákọ̀ náà kan rí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Àwọn aláàbò ibẹ̀ gbà pé kò sí ewu kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà iṣẹ́ ní kí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí, wọ́n sì fi tó wọn létí. Wọ́n dá ọmọ náà lẹ́bi, ó san owó ìtanràn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù keje ọdún 2012 ni ilé ẹjọ́ gíga tó wí pé ẹ̀fẹ̀ ni, tí ó sì dá a sílẹ̀. Ẹ rí i pé kò sẹ́ni tí ẹ̀rù bà níbẹ̀ rárá. Bébà kàn ń ti bébà lọ síwájú ni.

Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó túmọ̀ Alùkùránì sọ nípa áyà 6 nínú Súrá Hujuráàtì. Ànábì wa rán Walíìdù ọmọ Úkúbà sí àwọn Banú Mústálíkì láti lọ gba sàká. Ìjà àtijọ́ ti wà láàrin òun àti wọn kí Islam tó dé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó ń bọ̀, wọ́n jáde láti wá pàdé rẹ̀ kí wọ́n lè yẹ́ ẹ sí. Ó rí ọ̀pọ̀ ènìyàn lókèèrè, àyà rẹ̀ já, ó yí padà. Ó dé Mọ̀dínà, ó ní wọ́n kọ̀, wọn ò san sàká, wọ́n sì fẹ́ pa òun. Díẹ̀ ló kù kí ogun lọ bá wọn. Nínú ẹ̀gbàwá kan, Kálídì ọmọ Walíìdù ni wọ́n rán lọ wádìí, ó sì gbọ́ ìrun pípè láàrin wọn. Orí ìyẹn ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ ìwádìí, kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn kan níbi kí á tó wá kábàámọ̀. Ẹ wò ó, ẹ̀rù ló ba ẹni tó gbé ìròyìn náà wá. Ìjà àtijọ́ ló sì wọ̀ ọ́ lójú bí awò.

Ní ti ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, Búkáárì gbà á wá pé wọ́n sọ fún Húsáífà pé ọkùnrin kan ń gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Úsúmáánù, ẹni tó jẹ́ kálífà. Èsì Húsáífà kò gùn: ó ní òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní wọ àlùjánnà. Èyí wúwo o. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbà á sódì. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tó dárúkọ ẹni, tó dárúkọ ilé rẹ̀ tàbí ọjọ́, tó sọ̀rọ̀ àdá tàbí ìbọn, tí ẹni tó kọ ọ́ sì ní àwọn tó lè rán níṣẹ́, ẹ gbé e lọ sí tẹ́ṣàn lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de ìwàásù. Súrá Nísáì, áyà 83, bá àwọn tó ń gbọ́ ìròyìn ẹ̀rù tí wọ́n kàn ń tàn án ká wí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó lè tú u wò ni ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Èyí tí à ń sọ ni kí á mọ ohun tí à ń gbé kí á tó gbé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá wá mú yín, ẹ má sá, ẹ má bá wọn jà. Abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ní ẹ lè dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà yín tàbí ẹni tí ẹ bá fẹ́. Láàrin wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn yín fún yín ní èdè tí ó yé yín. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàrin kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé yín débẹ̀.

Ó ku ìtàn wa. Lọ́jọ́ náà, mo ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ìbò ni mo ní lọ́kàn. A ò ní dìbò fún un, ìyẹn ni ojú rẹ̀ máa rí." Bàbá kò gbà á gbọ́ tán. Ó ní bí nǹkan bá ṣe olóṣèlú náà, ọwọ́ mi ni òun ti máa béèrè. Mo ní kí ọmọ náà pa èyí tó kọ rẹ́, kí ó tún un kọ kí ó yé tọmọdé tàgbà, kí ó sì fi ọdún tí wọ́n ṣèlérí títì náà sí i. Ó kọ ọ́, kò gún ju ìlà mẹ́ta lọ. Bàbá kà á, ó fi fóònù sápò. Kò kọ ìwé ẹ̀sùn mọ́.

Olóṣèlú náà wá ní oṣù kejì ọdún 2023. Ọmọ náà dìde lójú gbogbo wa, ó béèrè títì, ó sì jókòó. Bàbá wà lórí àga iwájú, ọwọ́ ọmọ náà ló ń wò títí wọ́n fi túká.