Ohun tí Òjò ń Gbé Sínú Agbọ̀n Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ẹni tó bá ní ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, irú èyí tó ń já ẹ̀fọ́ oko ara rẹ̀ wá, kò nílò kàlẹ́ńdà kó tó mọ ibi tí ọdún dé. Ewé inú agbọ̀n ìyá náà kì í dúró sójú kan. Àkọ́rọ̀ òjò ní tirẹ̀, òjò àárín ọdún ní tirẹ̀, ọyẹ́ náà kì í sì í wá lọ́wọ́ òfo.

Tẹ̀tẹ̀ ló máa ń yá jù. Irúgbìn rẹ̀ kéré, ó dúdú, ó ń dán. Àwọn àgbẹ̀ a máa po iyanrìn mọ́ ọn kí wọ́n tó fọ́n ọn, kó má baà ṣù jọ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti tó fà tu. Ewédú ló le lọ́wọ́: awọ irúgbìn rẹ̀ yi débi pé, bí a bá fọ́n ọn bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní hù. Ẹni tó mọṣẹ́ a dì í sínú aṣọ, a rì í bọ omi gbígbóná, a sì yára yọ ọ́ kó má baà jinná. Gbúre kò da ẹnikẹ́ni láàmú ní tirẹ̀, ẹ̀yìn balùwẹ̀ tó o.

Àmọ́ àwọn ewé tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹ̀bọ̀lọ̀ ni olórí wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán, tí wọ́n sun, ni ó fẹ́ràn láti hù sí bí òjò bá ti dé, nítorí atẹ́gùn ló ń gbìn ín: irúgbìn rẹ̀ ní irun funfun bí òwú lórí, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á gbé e kúrò ní oko ẹnìkan dé oko ẹlòmíì. Igi rẹ̀ rọ̀, ó kún fún omi. Etí ewé rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́. Òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó máa ń dorí kodò, kì í sì í là tán. Bí a bá fi ọwọ́ ra ewé náà, òórùn rẹ̀ kò fara sin. Àwọn àgbà kúkú ti ní kò sí bí a ṣe lè se ẹ̀bọ̀lọ̀ tí kò ní rùn ìgbẹ́. Òórùn yẹn gan-an ni èmi ń jẹ ẹ́ fún. Ẹ bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan, ẹ fún un, ẹ dà á sínú ata tó ti dín nínú epo pupa pẹ̀lú irú àti ẹja gbígbẹ, kí ẹ tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ará Oǹdó àti Èkìtì ò nílò kí n kọ́ wọn.

Wọ̀rọ̀wọ́ ò fẹ́ràn oòrùn. Abẹ́ kòkó ló ti ń fà, tó ń gun igi, tútù abẹ́ ibòji ló sì ń mú kí ewé rẹ̀ rọ̀. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ti ṣèwádìí lórí rẹ̀, síbẹ̀ inú oko kòkó ni ọ̀pọ̀ ìyá ṣì ti ń wá a kiri.

Bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìṣápá, tí a ń gbìn ní tirẹ̀, á gorí àtẹ. Ojúmọ́ tó ń kúrú ló ń mú un tanná, nítorí náà èyí tí a tètè gbìn àti èyí tó pẹ́ sábà máa ń tanná pọ̀. Ohun tí à ń jẹ ni ìpele tó ki, tó di èso mọ́ra lẹ́yìn tí òdòdó ti rẹ̀. Èyí tó pupa la fi ń ṣe sóbò. Funfun ni a ń fi ẹ̀gúsí sè. Ó kan púpọ̀, a ní láti bọ̀ ọ́, ká da omi rẹ̀ nù, ká tún bọ̀ ọ́.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ewúro ẹ̀yìnkùlé ṣì dúró, ó kúkú jẹ́ igi. Àkúrọ̀ náà wà, níbi tí wọ́n ti ń bomi rin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ títí òjò yóò fi padà. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ó ti mú ojú olùrajà mọ́ ewé méjì tàbí mẹ́ta péré. Oògùn apakoríko wá parí iṣẹ́ náà lóko, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èpò àti ọbẹ̀. A ṣì ń sọ pé ọ̀dú kì í ṣe àìmọ̀ olóko. Ẹ fi ọ̀dú han ọ̀dọ́ tó gbé ẹ̀rọ apakoríko kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ gbọ́ ohun tí yóò pè é.

Ẹ béèrè ẹ̀bọ̀lọ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́ yín ní oṣù karùn-ún. Bó bá ní kò sí, ẹ tún béèrè lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi mọ̀ pé owó wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi igun kan sílẹ̀ tí oògùn ò ní dé.