Ọkàn Rẹ Ń Kọ̀wé

Gbé ọwọ́ rẹ lé àyà rẹ, díẹ̀ sí apá òsì. Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ǹjẹ́ ohun kan ń kàn ọ́ lọ́wọ́? Kì, kì. Kì, kì. Ọkàn rẹ ni ó ń lù bẹ́ẹ̀. Ó ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri gbogbo ara rẹ, lọ́sàn-án àti lóru, kódà nígbà tí o bá ń sùn.

Ta ni ó ń sọ fún ọkàn pé kí ó lù? Ibi kékeré kan wà lókè ọkàn, ní apá ọ̀tún. Láti ibẹ̀ ni iná kékeré kan ti ń jáde. Iná náà á gba inú ọkàn kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tí ó bá dé, ẹran ọkàn ibẹ̀ á sún kì. Ó dà bí ìgbà tí ìyáàlù bá sọ̀rọ̀, tí omele sì tẹ̀lé e.

Iná yìí kì í ṣe irú iná SBEE tí ó ń tan gílóòbù ilé wa. Ó kéré gan-an. Kò lè tan gílóòbù, kò sì lè gbé ènìyàn.

Ẹ̀rọ kan wà tí ó lè gbọ́ iná kékeré náà, tí ó sì lè fi ìlà yà á sórí bébà. Orúkọ rẹ̀ ni ECG. Àwọn dókítà ọkàn ń lò ó ní CNHU, ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Kútọnù.

Bí ọmọdé bá kọ́kọ́ rí gbogbo wáyà ara ẹ̀rọ náà, ẹ̀rù lè bà á.

"Àǹtí, ṣé iná kò ní gbé mi?"

"Rárá o, ọmọ mi. Ẹ̀rọ yìí kì í fi iná sí ọ lára. Iná tìrẹ ni ó ń gbọ́."

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Wáyà yẹn dà bí etí. Etí kì í sọ̀rọ̀, gbígbọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbàlagbà pàápàá ti bẹ̀rù bẹ́ẹ̀ rí. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, dókítà kan wà tí ó ń jẹ́ Augustus Waller. Ó ní ajá kan tí ó ń jẹ́ Jimmy. Ní ọdún 1909, ó mú Jimmy lọ síwájú àwọn onímọ̀. Ajá náà ki ẹsẹ̀ bọ inú omi iyọ̀, wáyà sì wà nínú omi náà. Iná ọkàn ajá gba inú omi dé inú ẹ̀rọ, gbogbo ènìyàn sì rí i. Nígbà tí àwọn kan gbọ́, wọ́n ní wọ́n ń fìyà jẹ ajá. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin! Mínísítà ní láti ṣàlàyé pé omi tí a fi iyọ̀ sí lásán ni ajá náà dúró sí. Bí ìgbà tí ajá bá ń ṣeré létí òkun ní Fidjrossè ni.

Ọkùnrin mìíràn, Willem Einthoven, ará ìlú Leiden ní Netherlands, ṣe ẹ̀rọ tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wúwo tó kílò 270, ènìyàn 5 ni ó sì ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Ní ọdún 1924, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Lónìí, a lè fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀rọ ECG mìíràn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wàá bọ́ ẹ̀wù rẹ, wàá dùbúlẹ̀, wàá kọjú sókè. Nọ́ọ̀sì á lẹ nǹkan pẹlẹbẹ 10 mọ́ ọ lára: 4 sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, 6 sí àyà. Ó máa ń tutù, ó sì lè máa yọ̀ bí ilá. Lẹ́yìn náà ni wáyà. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, pupa ni ti ọwọ́ ọ̀tún, àwọ̀ ìyeyè ni ti ọwọ́ òsì, àwọ̀ ewé ni ti ẹsẹ̀ òsì, dúdú ni ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Pupa, ìyeyè, ewé: níbo ni o ti rí wọn rí? Lára àsíá orílẹ̀-èdè wa ni!

Nọ́ọ̀sì kò gbọ́dọ̀ ṣi wáyà so. Bí ti ọwọ́ ọ̀tún bá lọ sí ọwọ́ òsì, tí ti òsì sì lọ sí ọ̀tún, ìlà kan á dorí kodò. Dókítà lè rò pé apá ọ̀tún àyà ni ọkàn rẹ wà.

Iṣẹ́ tìrẹ náà wà níbẹ̀. Má mira, má sọ̀rọ̀, má rẹ́rìn-ín. Iná kékeré wà nínú ẹran ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ pẹ̀lú. Bí o bá ń gbọ̀n, ẹ̀rọ á gbọ́ ìyẹn náà, ìlà á sì rí wúruwùru. Má dààmú, kì í pẹ́ tán.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka ìwé náà. Bébà rẹ̀ ní àpótí kéékèèké àti àpótí ńlá, ó jọ ìwé àjákọ rẹ. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ọkàn bá lù, ìlà á gun òkè mẹ́ta. Òkè kìíní kéré, ó rí róbótó. P ni orúkọ rẹ̀. Iná ń gba apá òkè ọkàn kọjá nìyẹn. Òkè kejì ga, ó ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. QRS ni orúkọ rẹ̀. Iná ti dé apá ìsàlẹ̀, ibi tí ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Òkè kẹta ni T. Ọkàn ń múra láti tún lù. Einthoven ni ó fún wọn ní orúkọ wọ̀nyí.

Àpótí ńlá 5 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan. Ka àpótí ńlá tí ó wà láàárín òkè ṣóńṣó kan àti èyí tí ó tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá jẹ́ 4, ọkàn náà ń lù ní ìgbà 75 ní ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá jẹ́ 3, ó ń lù ní ìgbà 100. Ọkàn ọmọdé máa ń yára ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Bí ọmọdé bá fa èémí sínú, ọkàn rẹ̀ á tún yára díẹ̀. Bí ó bá mí síta, á rọra. Dókítà mọ èyí, kì í bà á lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n bí òkè P bá wà tí òkè gíga kò tẹ̀lé e, tàbí tí ọkàn ń sáré kíkankíkan nígbà tí ọmọ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, dókítà á wò ó dáadáa. Bí ọmọ kan bá dákú níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ sọ fún àgbàlagbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ìwé yìí. Ohun tí etí dókítà kò gbọ́, ìwé lè fi hàn án.

Ní abúlé tí ó jìnnà ńkọ́, níbi tí kò sí dókítà ọkàn? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Cameroon, Arthur Zang, ro ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ó rí bí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní Cardiopad. Nọ́ọ̀sì abúlé á so wáyà mọ́ aláìsàn lára, ẹ̀rọ á sì fi ìlà náà ránṣẹ́ sí dókítà ọkàn ní ìlú ńlá. Dókítà á kà á, á fèsì padà, aláìsàn kò sì tíì kúrò ní abúlé rẹ̀.