Ọjọ́ Kọkànlélógún Nínú Yàrá Ẹyin

Ilẹ̀ ò tí ì mọ́ dáadáa nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn ilé Màmá Ẹlẹ́yin ní Àpáta, n'Ìbàdàn. Ọyẹ́ mú. Eruku ti bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́bàá ògiri, ó bo páànù orí ilé, ó sì ń rìn mí nímú. Ọmọ-ọmọ Màmá ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ọmọkùnrin bí ọmọ ọdún mọ́kànlá kan tó wọ súwẹ́tà lé aṣọ tó fi sùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbàràdà, kò sì tí ì dìde tán tó fi ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ máa bọ̀ kíá, wọ́n ti ń ké."

Mo bi í pé àwọn wo ló ń ké.

"Àwọn tó wà nínú ẹyin."

Ẹ̀yìnkùlé la gbà kọjá. Kí ojú mi tó rí adìẹ ni imú mi ti mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀: ìgbẹ́ wọn, lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún wọn, àti àgbàdo lílọ̀ tí omi ti kàn láti àná. Ilé adìẹ mẹ́ta tí wọ́n fi wáyà ká ló wà níbẹ̀. Àwọn adìẹ ìbílẹ̀ ló wà nínú ti àkọ́kọ́, abólọ́rùn méjì, òpìpí kan tí kò níyẹ̀ẹ́ lápá, àwọn tó kù sì jẹ́ oríṣiríṣi àwọ̀. FUNAAB Alpha ló wà nínú ìkejì, ẹ̀yà tí àwọn onímọ̀ yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta mú jáde láti ara adìẹ ilẹ̀ wa, tí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2018. Àkùkọ kan ló ń bẹ láàárín àgbébọ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni àwọn àkùkọ mẹ́ta ń kọ, kálukú ń fẹ́ borí ẹnìkejì, èèyàn ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ.

Màmá jáde sí wa tòun ti tọ́ọ̀ṣì, ó fi ìró borí nítorí òtútù. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn tíṣà sì wà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀. Ó na tọ́ọ̀ṣì sí àwọn àkùkọ náà.

"Ibẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Ẹyin tí ẹ ń rà lọ́jà ní kíréètì, ẹ kó o sínú ẹ̀rọ títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní pa. Adìẹ tó yé e ò fojú kan àkùkọ rí."

Mo béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ kí àgbébọ̀ sàba lé e gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Adìẹ ìbílẹ̀ kan kò lè bo ju ẹyin mẹ́wàá, méjìlá, lọ. Tó bá sì ti sàba, kò tún ní yé mọ́ títí yóò fi pa á, tí yóò sì tọ́ àwọn ọmọ dàgbà. Ó máa ń gbà á lóṣù méjì, mẹ́ta. Ẹni tó ń kó ẹyin kúrò lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ á rí i kó máa yé lọ. Ẹyin tó bá kó náà, kò gbọ́dọ̀ lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nílẹ̀ kó tó wọ ẹ̀rọ. Kì í fọ̀ ọ́, torí ohun kan wà lára èèpo ẹyin tí í dá kòkòrò dúró, omi sì máa ń ṣí i kúrò.

Yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di yàrá ẹyin. Bí mo ṣe wọlé, ooru bò mí lójú, awò ojú mi sì ṣú. Mo yọ ọ́, mo nù ún. Òórùn Izal, ti pákó gbígbóná àti ti ìyẹ́ tútù pa pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ kan tó nípọn. Ẹ̀rọ náà dúró sí igun yàrá, ó ga dé àyà mi. Káfíńtà àdúgbò ló fi pílíwúùdù kan àpótí rẹ̀, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ló so wáyà rẹ̀. Wọ́n fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀ yí ká, wọ́n fi gíláàsì sójú ilẹ̀kùn rẹ̀, fáànù kékeré méjì irú èyí tó ń wà nínú kọ̀ǹpútà sì ń fẹ́ ooru gílóòbù káàkiri. Nọ́ńbà pupa kan ń tàn lókè.

37.5.

Ìwọ̀n ooru tí ẹyin adìẹ ń fẹ́ nìyẹn nínú ẹ̀rọ tó bá ní fáànù. Tó bá wálẹ̀ díẹ̀, òròmọdìẹ á pẹ́ kó tó jáde. Tó bá gòkè kọjá 40 tó sì pẹ́ níbẹ̀, ó máa ń kú. "Òtútù ṣeé bẹ̀," ni Màmá wí, "ooru ò gbẹ̀bẹ̀."

Mo fi etí ti gíláàsì. Lóòótọ́ ni wọ́n ń ké. Ohùn wọn tín-ín-rín, ó ń ti inú èèpo jáde, ọ̀kan á pe, òmíràn á dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀ tiréè. Ẹyin bí i mẹ́fà ti dá lu níbi orí tó gbòòrò. Òròmọdìẹ kan ti jáde pátápátá, ó rẹ̀ ẹ́, gbogbo ara rẹ̀ tutù, ó gbé ọrùn lé ẹyin ẹnìkejì rẹ̀, ó ń mí gúlegúle.

Ìwé eléwé ogójì kan so mọ́ ìṣó lára ògiri. Gègé pupa àti búlúù ni Màmá fi ń kọ ọ́, bó ṣe ń kọ ìwé orúkọ ọmọ kíláàsì. Ẹyin 66 wọlé. Lọ́jọ́ keje, wọ́n yọ 11. Ní iwájú ọjọ́ kẹsàn-án, ó fi pupa kọ ọ́: "Kò síná, wákàtí 7." Láti ọjọ́ kejìdínlógún, ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: "A ò yí i mọ́."

Yíyí ẹyin nìyẹn. Ẹyin tó bá dùbúlẹ̀ sójú kan, ọmọ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èèpo. Àgbébọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń fi ẹnu rẹ̀ yí wọn lábẹ́ ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Nínú ẹ̀rọ yìí, mọ́tò kékeré kan ló ń yí tiréè ní wákàtí wákàtí. Kó tó ra mọ́tò, ọwọ́ ara rẹ̀ ni Màmá ń fi yí i. Ó máa ń fi pẹ́ńsù sàmì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, á wá yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ẹ̀gbẹ́ tí ẹyin fi sùn lánàá má tún jẹ́ èyí tí yóò fi sùn lónìí. Tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, yíyí parí, torí òròmọdìẹ ti ń wá ibi tí yóò gbà jáde.

A wà lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí nọ́ńbà pupa náà kú. Fáànù dákẹ́. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ọmọ náà ti na ọwọ́ sí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó wà lórí àga kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti múná lọ. Ó dà á bo ẹ̀rọ, ó fi ojú gíláàsì nìkan sílẹ̀. Màmá tẹ bọ́tìnnì kan lára bátìrì tó wà nílẹ̀, fáànù tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, gílóòbù kékeré kan tàn. Níta, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bú sẹ́kún, ti ilé kẹta tẹ̀ lé e, èéfín bẹntiróòlù sì gba ojú fèrèsé wọlé. Màmá lọ ti fèrèsé. Mo wo aago. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

37.1.

Kúlà oúnjẹ ńlá kan tún wà lábẹ́ tábìlì, irú èyí tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí lóde àríyá. Ẹ̀rọ tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọ́n lu ihò sí i lára, wọ́n so gílóòbù sínú rẹ̀. Ẹyin ọlọ́jọ́ méje ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, bátìrì ò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Màmá ṣí i, ó mú ẹyin kan, ó dijú, ó sì fi í kan ìpéǹpéjú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ó ṣì gbóná tó. Ara mi bù máṣọ, torí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń ṣe nínú ilé alámọ̀ tí wọ́n ti ń fi iná pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin, láìsí òṣùwọ̀n ooru kankan. Réaumur, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé, tilẹ̀ kọ odindi ìwé lórí fífi ooru àtọwọ́dá pa ẹyin lọ́dún 1749. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, ó ní òun ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ìyá òun ló kọ́ òun.

Níwọ̀n bí yàrá ti ṣókùnkùn, ọmọ náà ní ká kúkú yẹ ẹyin kúlà wò. Ó gbé páálí kan tó ti lu ihò sí láàárín lé iná fóònù, ó gbé ẹyin lé ihò náà. Gbogbo ẹyin náà pọ́n rẹ̀rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín nà káàkiri inú rẹ̀ láti ojú kan, ní ojú kan náà sì ni ohun dúdú kékeré kan wà tó ń mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún. "Ojú ẹ̀ nìyẹn," ni ọmọ náà wí. Ó gbé òmíràn. Èyí mọ́ gaara, àpá kankan ò sí nínú rẹ̀.

"Kò lọ́mọ."

Ó tún gbé ọ̀kan tí ẹ̀jẹ̀ ti pagbo sínú rẹ̀ bí òrùka. Ó wò ó díẹ̀ sí i ju àwọn yòókù lọ. "Èyí ti kú."

Iná dé padà lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú. Inú ẹ̀rọ ò tí ì lọ sílẹ̀ kọjá 36.8. Màmá ní àwọn tó ti dàgbà nínú ẹyin máa ń mú ooru tiwọn jáde, wọ́n ń mú ara wọn gbóná, àgbébọ̀ pàápàá sì máa ń dìde lọ jẹun. Wákàtí méje ọjọ́ kẹsàn-án ló ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Bátìrì ò gba iná sára tó lọ́jọ́ náà.

Láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, kò síṣẹ́ míì ju wíwò lọ. Mo fa àga súnmọ́ gíláàsì, mo yan ẹyin kan tó ní àmì pẹ́ńsù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò orí rẹ̀ ò ju èékánná ìka lọ. Ẹnu kékeré kan yọ níbẹ̀, ohun funfun ṣóńṣó kan wà lórí rẹ̀, òun ni òròmọdìẹ fi ń gún èèpo. Á já bọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹnu náà gún èèpo, ó sinmi. Ó pẹ́ gan-an níbi ìsinmi náà, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó ti kú. Ó tún gún un. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yí ara rẹ̀ po nínú ẹyin, tí ihò náà sì ń di ìlà tó ń yí orí ẹyin ká. Ọmọ náà ní ká ràn án lọ́wọ́.

"Fi í sílẹ̀!" Màmá ò tilẹ̀ yíjú sí wa. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú awọ tó wà lábẹ́ èèpo, pupa ẹyin ò sì tí ì wọ inú ọmọ náà tán. Ẹni tó bá bó o nísinsìnyí ti pa á. Tó bá tún ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ, ọ̀rinrin á jáde, awọ á gbẹ mọ́ àwọn yòókù lára, wọn ò ní lè yíra mọ́. Ìdí nìyẹn tí abọ́ omi méjì fi wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ pẹ̀lú kànìnkànìn nínú wọn. Ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ súnmọ́ 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọjọ́ mẹ́ta ìkẹyìn. Nínú ọyẹ́, ó nira.

Ẹyin náà fọ́ sí méjì ní kété tí aago mọ́kànlá kọjá. Òròmọdìẹ náà fi ẹsẹ̀ ti ìdajì èèpo sẹ́yìn, ó ṣubú síwájú, ó dojú bolẹ̀.

Lọ́sàn-án, wọ́n kó àwọn tó ti gbẹ jáde sínú páálí tí wọ́n gbé sábẹ́ gílóòbù. Ìhùùhù wọn ti gbẹ, wọ́n rí rọ́bọ́tọ́, ariwo wọn gba yàrá kan. Màmá ń kà wọ́n, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń kọ ọ́. 43. Èyí tí ìdodo rẹ̀ ò tí ì pa dé dáadáa, ó fi ayodín kàn án. Oògùn àjẹsára lúkúlúkú wà nínú fúláàsì tó kún fún yìnyín, ó kán an sí wọn lójú ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan.

Ẹyin méjìlá ló kù sílẹ̀. Màmá kó wọn lọ sẹ́yìnkùlé, ó fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ike. Ti àkọ́kọ́ ti di òbu, òórùn rẹ̀ lé ọmọ náà àti èmi dé ìdí ògiri. Màmá ò kúrò níbẹ̀. Ó fi igi yẹ wọ́n wò. Mẹ́rin ti kú láti nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Mẹ́fà ti pé ọmọ tán, ìyẹ́ ti hù lára wọn, awọ ti gbẹ mọ́ wọn lára. Ọ̀kan tó kù, kò rí ohun tó pa á. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Obìnrin kan ti Omi-Àdió dé pẹ̀lú páálí tó dá ihò sí, ó fẹ́ ogún. Wọ́n ná an díẹ̀, kò pẹ́ tí wọ́n fi jọ gbà. Ó béèrè bóyá òun gbọ́dọ̀ fún wọn lóúnjẹ lójú ọ̀nà. Màmá ní rárá: pupa ẹyin tó wọ inú wọn kí wọ́n tó jáde lè gbé wọn tó ọjọ́ mẹ́ta, òun náà ló ń gbé àwọn ọlọ́jọ́ kan tí wọ́n ń kó láti Ìbàdàn lọ sí òkè Ọya. Ooru ni kó wá fún wọn lálẹ́ òní.

Kí n tó lọ, mo bi Màmá ohun tó máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí nílé. Ó ní kó má tí ì béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ. Kó kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kọ iye wákàtí tí iná ń wà ládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀, kó ra bátìrì tó lè gbé ìyókù, kó sì mọ agbo adìẹ tí ẹyin rẹ̀ ti wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó pe káfíńtà.